Èlírí, Eku Ńlá tàbí Eṣinṣin? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Wá Àmì Àkọ́kọ́ Àrùn Parkinson Nínú Purotéènì

Ọwọ́ gbígbọ̀n kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ àrùn Parkinson. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ tó máa wọ́ nílẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, ti ń kú fún ọdún mélòó kan ní ibi dúdú kékeré kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní substantia nigra. Nígbà tí dókítà bá fi máa dárúkọ àìsàn náà fún ẹbí, ó ti tó ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn tó ti lọ. Imú tí kò gbọ́ òórùn mọ́, ìgbẹ́ tó ń le, baálé ilé tó ń ta ìyàwó rẹ̀ nípàá lójú oorun nítorí pé ó ń jà nínú àlá: gbogbo ìwọ̀nyí lè ti ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá purotéènì tí yóò tètè ta wá lólobó.

Lára ènìyàn, wíwá irú purotéènì bẹ́ẹ̀ dà bíi wíwá ipasẹ̀ olè lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀. Ta ni yóò wá sí ilé ìwòsàn ní ọdún 10 ṣáájú àìsàn rẹ̀, kó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun pa mọ́? Ti ẹranko yàtọ̀. A mọ ọjọ́ tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ wa la fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A lè gba ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2, ní oṣù 1, ní oṣù 3, ká sì ṣí ọpọlọ wò láti mọ iye sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Ẹ̀gbọ́n, ẹranko wo ni kí n fi ṣe iṣẹ́ Parkinson mi?” Àwọn mìíràn ti ra májèlé kí wọ́n tó béèrè. Èsì mi kì í yí padà: kọ́kọ́ sọ fún mi bóyá ikú sẹ́ẹ̀lì lò ń wá, àbí ohun tó ṣáájú ikú. Ẹni tó ń wá ohun tó ṣáájú, tó wá mú ẹranko tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń kú láàárín ọjọ́ 3, ti ṣìnà láti ẹnu ọ̀nà.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú: èlírí ni mo ń pe eku kékeré inú lábù, èyí tí kì í ju nǹkan bíi gíráàmù 25 sí 30 lọ. Eku ńlá ni èyí tó lè wọn gíráàmù 250 sókè.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àsìkò ló ṣe kókó jù lójú tèmi. Ọjọ́ mélòó, tàbí oṣù mélòó, ló wà láàárín ìgbà tí ìyọnu bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì kú? Inú àlàfo yẹn ni àmì àkọ́kọ́ ń gbé. Bí àlàfo náà kò bá sí, kò sí “àkọ́kọ́” kankan láti wá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ alpha-synuclein. Láti 1997 la ti mọ̀ pé purotéènì yìí, tó ní amino acid 140, ló ń dì pọ̀ nínú àwọn kókó tí wọ́n ń pè ní Lewy body nínú ọpọlọ aláìsàn. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n rí i pé àyípadà kan nínú jíìnì rẹ̀, A53T, tó ń sọ amino acid A di T ní ipò 53, ń fa Parkinson nínú àwọn ìdílé kan. Ẹranko tí alpha-synuclein rẹ̀ kò dì pọ̀ lè wúlò, àmọ́ apá kan ìtàn náà ló máa sọ.

Ẹ̀kẹta ni omi ara tí ẹ máa rí gbà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé ọwọ́ wọn. Omi inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn tí ẹ lè fà lára èlírí kan kò ju bíi µL 5 sí 15 lọ. Ìkán omi kan péré ni. Lára eku ńlá, ó lè tó µL 100. Ìyàtọ̀ yìí nìkan ti yí ìpinnu ọ̀pọ̀ lábù padà.

Ẹ̀kẹrin: ṣé àwọn ẹranko náà máa jọra? Bí 4 nínú 10 bá ṣàìsàn gan-an, tí 3 kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, tí 3 sì kú, purotéènì tí ẹ bá rí kò ní í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni owó, mo sì ka iná mọ́nàmọ́ná, àyè tí àgò ẹranko ń gbà àti ewu tó wà fún òṣìṣẹ́ mọ́ ọn.

MPTP lára èlírí

California ni ìtàn rẹ̀ ti wá, ní 1982. Àwọn ọ̀dọ́ tó gún heroin ayédèrú dé ilé ìwòsàn, ara wọn gan bí igi, wọn kò lè rìn, wọn kò lè sọ̀rọ̀ geere. William Langston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa rẹ̀ dé orí èérí kan tó bá oògùn náà jáde nígbà tí wọ́n ń pò ó. MPTP ni èérí ọ̀hún. Tó bá dé inú ọpọlọ, enzyme MAO-B a sọ ọ́ di MPP+. MPP+ a gba ojú ọ̀nà tí dopamine fi ń padà sílé wọ inú sẹ́ẹ̀lì, a sì dí Complex I, tí í ṣe apá kan ẹ̀rọ tó ń pèsè agbára níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ní ojú ọ̀nà náà ló ń kú. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé májèlé yìí mọ ẹni tó ń wá.

Ẹ máa rí ìdí tí gbogbo ayé fi fẹ́ràn rẹ̀. Èlírí ìran C57BL/6 ló ń gbà á dáadáa, ó wà káàkiri, iṣẹ́ abẹ kò sí nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti parí gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ti ṣe pẹ̀lú rẹ̀ pọ̀ débi pé ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ máa rí ohun tí ẹ lè fi wé e. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ lò ó fún eku ńlá o. Eku ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á.

Níbi àsìkò ló ti já mi kulẹ̀. Bí ẹ bá gún un ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ikú sẹ́ẹ̀lì ti parí. Kí ni “àkọ́kọ́” níbẹ̀? Wákàtí 6? Ọjọ́ kan? Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá gbà ní ọjọ́ kejì kún fún purotéènì ìwúlé àti ti sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́, èyí tí ẹ lè rí lára èlírí tí wọ́n lù ní orí. Àpá májèlé nìyẹn. Ọ̀nà kan wà tó sàn díẹ̀: wọ́n máa ń pa MPTP pọ̀ mọ́ probenecid, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara tètè dà á nù, wọ́n á sì pín in sí abẹ́rẹ́ 10 láàárín ọ̀sẹ̀ 5. Ìyẹn fa àlàfo náà gùn, àmọ́ kókó Lewy body gidi kì í sábà hù níbẹ̀ náà.

Ẹ má fojú di ewu rẹ̀. Ohun tó sọ àwọn ọ̀dọ́ California di igi lè ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yín bẹ́ẹ̀. Ó ń jáde nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èlírí fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nítorí náà yàrá ọ̀tọ̀, ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti ètò bí ẹ ó ṣe da ìdọ̀tí àgò nù kì í ṣe ohun àfiṣeré. Lábù tí kò bá ní yàrá ọ̀tọ̀, kí ó má rà á.

6-OHDA lára eku ńlá

Èyí ló dàgbà jù: Urban Ungerstedt ló fi hàn ní 1968. Májèlé náà kò lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, torí náà orí férémù tó di orí eku mú ni wọ́n ti ń gún un sínú ọpọlọ tààrà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gún, eku náà á sì máa pòyì bí ẹ bá fún un ní amphetamine tàbí apomorphine. Iye ìgbà tó pòyì ń sọ bí ìpalára náà ṣe tó fún yín láìpa á. Tí wọ́n bá gún un sí striatum, níbi tí okùn àwọn sẹ́ẹ̀lì náà parí sí, ikú wọn á fà dé ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tó dára jù MPTP onílọ́jọ́-kan lọ.

Àwọn ènìyàn máa ń yìn ín pé ẹ̀gbẹ́ kejì ọpọlọ á jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ẹran ọpọlọ lẹ fẹ́ wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló ń yí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì po. Ẹni tó ń wá àmì nínú ẹ̀jẹ̀ kò rí ẹlẹ́rìí kankan mú níbẹ̀, àmì rẹ̀ sì ti di ìdajì kó tó bẹ̀rẹ̀. Agbárí tí ẹ lu ihò sí náà ń tú purotéènì tirẹ̀ jáde, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní àwọn eku tí ẹ gún omi iyọ̀ lásán fún.

Rotenone

Rotenone kò ṣàjèjì sí àwọn apẹja wa bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú ewé Tephrosia vogelii, èyí tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń dà sódò kí ẹja lè léfòó. Wọ́n tún ń lò ó pa kòkòrò lóko. Òun náà ń dí Complex I, ó sì ń wọ inú ọpọlọ láìsí ìdíwọ́. Ní 2000, ẹgbẹ́ Timothy Greenamyre ní Amẹ́ríkà fi hàn pé eku ńlá tó ń gba díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń pàdánù sẹ́ẹ̀lì dopamine, alpha-synuclein á sì dì pọ̀ nínú àwọn tó kù. Láàárín àwọn májèlé, òun ló jọ àìsàn náà jù. Ìfun wọn pàápàá máa ń yọnu, bíi ti àwọn aláìsàn gan-an.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn eku kì í jọra. Òmíràn á kú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òmíràn á máa jẹun bí ẹni pé kò sí nǹkan. Gbogbo ara ló sì ń bá jà, kì í ṣe ọpọlọ nìkan. Purotéènì tó lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ ti ẹ̀dọ̀ tó ń ké. Bí ẹ bá fẹ́ mú un, ẹ mú eku púpọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, kí ẹ sì wo ẹ̀dọ̀ náà.

Èlírí tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà

Níbí la ti bọ́ lọ́wọ́ májèlé. Wọ́n fi jíìnì alpha-synuclein ènìyàn sínú èlírí, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ láti ìgbà ìbí. Méjì ni mo máa dárúkọ. M83 gbé A53T. Àwọn tó gba jíìnì náà láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn láàárín oṣù 8 sí 16, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn á rọ, àmọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìdí ọpọlọ ni ìdààmú náà pọ̀ sí, kì í ṣe substantia nigra. Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: lára eku, T ló wà ní ipò 53 láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó jẹ́ àrùn fún àwa ni èlírí fi ń ṣe ara rẹ̀ lójoojúmọ́.

Èkejì ni Thy1-aSyn, tí wọ́n tún ń pè ní line 61, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú àwọn méjèèjì. Imú rẹ̀ àti ìfun rẹ̀ ń tètè bàjẹ́, dopamine kò dínkù títí á fi tó oṣù 14. Ẹ wo àlàfo tó wà níbẹ̀! Ẹ lè gba ẹ̀jẹ̀ ní oṣù 2, 4, 6, 9, kí dopamine tó dínkù rárá. Ṣùgbọ́n orí kírómósómù X ni jíìnì náà jókòó sí, ìyẹn ló jẹ́ kí ti abo má lágbára tó ti akọ, kí ọ̀pọ̀ lábù sì máa lo akọ nìkan. Oṣù 14 jẹ́ owó oúnjẹ, owó àgò àti iná tó gbọ́dọ̀ máa wà. Ètò oyè másítà kò lè dúró dè é.

PFF: irúgbìn tí a gbìn

Mo máa pẹ́ níbí, nítorí òun ni mo máa mú bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan.

Èrò tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn. Ẹ mú alpha-synuclein tí wọ́n ti jẹ́ kó dì bí okùn tín-ín-rín (preformed fibrils, ìyẹn PFF), ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ gún díẹ̀ sínú striatum èlírí tí kò ní àìsàn kankan, tí wọn kò sì yí jíìnì rẹ̀ padà. Okùn wẹ́wẹ́ yẹn á di irúgbìn: alpha-synuclein tirẹ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ọn, á sì máa tàn láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì. Ẹgbẹ́ Virginia Lee ní Yunifásítì Pennsylvania ló gbé e jáde ní 2012. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, ìdìpọ̀ tó gbé àmì pS129 (fọ́sífétì tó so mọ́ alpha-synuclein ní ipò 129) ti ń hàn káàkiri ọpọlọ. Nígbà tó bá fi máa di oṣù 6, sẹ́ẹ̀lì dopamine ti dínkù. Lára eku ńlá, ìdìpọ̀ inú substantia nigra máa ń pọ̀ jù ní nǹkan bí oṣù 2, ikú sì ń hàn ní oṣù 6.

Ẹ tún ìyẹn kà. Láti oṣù 2 dé oṣù 6, ìdìpọ̀ wà, sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè. Oṣù 4 gbáko ni. Kò sí májèlé kankan tó lè fún yín ní àlàfo tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2019, àwọn kan ní Johns Hopkins gbin irúgbìn náà sínú ògiri ìfun èlírí, ó sì gba ọ̀nà iṣan vagus gun ọpọlọ lọ. Ẹni tó ń wá àmì láti ìfun wá sínú ẹ̀jẹ̀ á rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Àmọ́ ó nira ju bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ. Okùn tí ẹ kò bá gé wẹ́wẹ́ dé nǹkan bíi nm 50 kò ní í hù dáadáa. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ onígbì ohùn gé e ní ọjọ́ tí ẹ máa lò ó, kí ẹ sì fi maikirosikópù elẹ́ẹ̀kìtírọ́ọ̀nù wò ó. Fírísà −80 ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, àmọ́ tó bá ti yọ́, ẹ má gbé e sórí yìnyín. Òtútù díẹ̀ ń tú okùn náà palẹ̀, irúgbìn yín á sì di omi. Irú alpha-synuclein tó bá ẹranko náà mu ló ń hù dáadáa: ti èlírí fún èlírí. Ọtí tí a fi ń nu tábìlì kò ràn án; SDS, kẹ́míkà kan tó ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ, ló ń mú un kúrò.

Ẹ̀tàn ńlá kan tún wà níbẹ̀. Ẹ ti fi alpha-synuclein sínú ẹranko náà fúnra yín. Bí ẹ bá rí i nínú omi ọpọlọ ní ọ̀sẹ̀ 2, ṣé àìsàn ló mú un wá, àbí ajẹkù abẹ́rẹ́ yín? Ẹ ní láti ní ẹgbẹ́ tó gba alpha-synuclein tí kò dì pọ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó gba omi iyọ̀, kí ẹ tó lè dáhùn. Mo ti ka iṣẹ́ tí wọ́n fo èyí, n kò sì gba àbájáde wọn gbọ́.

GBA1, èyí tó kan ilé wa

Ní 2023, àwọn oníwádìí tí Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára wọn gbé iṣẹ́ kan jáde nínú Lancet Neurology. DNA ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí àyípadà kan, rs3115534, nínú jíìnì GBA1, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ti Áfíríkà ṣẹ̀ wá, tí wọn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i lára àwọn ará Yúróòpù. Ẹni tó gba ẹyọ kan, ewu Parkinson rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí ìlọ́po 1.5, ẹni tó gba méjì, nǹkan bí ìlọ́po 3.5. Ó ń dín enzyme GCase kù, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣì ń sáré tọ MPTP lẹ́yìn èyí. Èlírí D409V, tí wọ́n yí Gba rẹ̀ padà, wà. CBE tún wà, oògùn kan tí ẹ lè gún èlírí lásán láti fi dí GCase. Kò sí èyí tó ṣe àwòkọ rs3115534 gan-an, nítorí ibi tí wọ́n ti ń gé RNA tí wọ́n sì ń so ó ni tiwa ti ṣẹlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé purotéènì fúnra rẹ̀ ni D409V ń yí. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ni wọ́n parí sí: GCase tó lọ sílẹ̀. D409V nìkan kì í pa sẹ́ẹ̀lì dopamine, torí náà ẹ lè pa á pọ̀ mọ́ PFF. Àǹfààní kan tún wà: wọ́n lè wọn agbára GCase nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lórí bébà, láìní fírísà −80. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Eṣinṣin, aràn àti ọ̀bọ

Drosophila, eṣinṣin tín-ín-tín tó ń rá bàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, di ẹranko Parkinson ní 2000, nígbà tí Mel Feany àti Welcome Bender fi alpha-synuclein ènìyàn sínú rẹ̀. Kò ní tirẹ̀ rárá. Bó bá ń dàgbà, kò ní í lè gun ògiri ìgò mọ́, sẹ́ẹ̀lì dopamine rẹ̀ á sì máa kú. Yunifásítì Ìbàdàn ní lábù Drosophila, nítorí náà ẹni tó wà nílé kò ní láti rìn jìnnà kó tó rí ẹni kọ́ ọ. Oúnjẹ rẹ̀ kò ju àgbàdo, ìwúkàrà àti ṣúgà lọ. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀jẹ̀ tí ẹ lè fi wé tiwa. Orí rẹ̀ lẹ máa lọ̀. Ẹ lò ó láti mọ purotéènì tó ń yí nínú sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì gbé orúkọ tí ẹ rí lọ bá èlírí.

Aràn C. elegans ní sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára 302, 8 péré nínú wọn ló ń ṣe dopamine. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ló ń lò láyé. Fún wíwá àmì nínú omi ara, n kò ní í lò ó.

Ọ̀bọ tó gba MPTP ló sún mọ́ ènìyàn jù, ẹ sì lè fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ léraléra láìpa á. Owó rẹ̀ àti ìbéèrè ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ẹranko ga. Kí ẹni tó ti rí àmì lára èlírí, tó sì ti rí i lára aláìsàn, tó wá fẹ́ mọ bó ṣe ń rìn, lọ bá a. Ẹlòmíràn kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀.

Kí lẹ máa fi wọ̀n ọ́n?

Ẹranko tó dára kò lè gba iṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ là. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, alpha-synuclein lọ sókè gan-an nínú àwọn èlírí mi tó ń ṣàìsàn, inú mi dùn, mo ti ń kọ àkọlé ìwé. Ọ̀gá mi ní kí n gbé àwọn túùbù náà wá. Omi ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó ní àwọ̀ òróró fẹ́ẹ́rẹ́ ti pọ́n bíi zobo. Ó ju ìdá 99 nínú 100 lọ lára alpha-synuclein inú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì pupa ló wà, ọwọ́ mi tí kò tíì mọ abẹ́rẹ́ ló sì fọ́ sẹ́ẹ̀lì náà. DJ-1, purotéènì mìíràn tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti wá, wà níbẹ̀ bákan náà. Láti ìgbà náà, kí n tó wọn ohunkóhun ni mo ti ń wọn hemoglobin.

Western blot àti ELISA, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń lo antibody láti mú purotéènì, kò wọ́n, ọ̀pọ̀ lábù sì mọ̀ wọ́n, àmọ́ ohun tí ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè wá. Ẹ rí i dájú pé antibody tí ẹ rà ń mọ ti eku. Èyí tí wọ́n ṣe fún ènìyàn lè máà rí i rárá. Ilé iṣẹ́ Olink ní àkójọ àyẹ̀wò kan fún èlírí tó ń wọn purotéènì 92 nínú µL 1 péré, èyí tó yanjú ọ̀rọ̀ omi tí kò tó.

Mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo ègé purotéènì dá a mọ̀, ló ń wá ohun tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá gbé omi ẹ̀jẹ̀ lọ bá a láìṣe nǹkan sí i, albumin ni yóò máa fi hàn yín, nítorí òun nìkan kó nǹkan bí ìdajì purotéènì ibẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò ná, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú striatum, kí ẹ sì wá orúkọ tí ẹ rí níbẹ̀ lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà kejì ni mo máa ń gbà. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ìṣirò: bí ẹ bá wọn purotéènì 2,000, tí ẹ gba ìdá 5 nínú 100 bí òdiwọ̀n, nǹkan bí 100 á “yí padà” lásán láìsí àìsàn kankan.

Lára ènìyàn, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Àyẹ̀wò tó ń jẹ́ kí irúgbìn alpha-synuclein hù nínú túùbù, èyí tí wọ́n ń pè ní SAA, mọ nǹkan bí 88 nínú 100 aláìsàn Parkinson nínú iṣẹ́ PPMI, ìwádìí ńlá tó ń tẹ̀lé àwọn aláìsàn Parkinson, tó jáde ní 2023, láti inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní 2024, àwọn oníwádìí ní London àti Göttingen fi purotéènì 8 inú ẹ̀jẹ̀ dá àwọn kan mọ̀ nínú àwọn tó ń jà lójú oorun, títí dé ọdún 7 kí Parkinson tó yọjú. C3 àti DKK3 wà lára àwọn 8 náà. Bí mo bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, àwọn 8 yẹn ni mo máa kọ́kọ́ wá lára ẹranko mi. Ẹranko tí kò bá fi ìkankan nínú wọn hàn, mo máa bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ másítà tó ní oṣù 6, owó kékeré àti Western blot: eṣinṣin ni. Bó bá jẹ́ pé èlírí ni ọ̀gá rẹ̀ fẹ́, tí yàrá ọ̀tọ̀ sì wà, MPTP oní-ọ̀sẹ̀-5 dára fún kíkọ́ iṣẹ́, kó kàn má kọ “àmì àkọ́kọ́” sí àkọlé.

Ẹni tó ń ṣe PhD, tó ní ọdún 3, tó lè rí férémù orí eku àti fírísà tí iná rẹ̀ kì í lọ: PFF, eku ńlá ni kó sì lò bí omi ọpọlọ bá wà nínú ètò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan, èlírí tó. Kó gba àpẹẹrẹ ní oṣù 1, 2, 4 àti 6, kó má sì jẹ́ kí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n mọ èyí tó gba irúgbìn.

Ẹni tó wà ní lábù ńlá ní London tàbí Houston, tí ẹlòmíràn ń sanwó àgò: line 61. Kó jẹ́ kí àwọn èlírí náà dàgbà, kó má sì fi abo àti akọ sínú àpò kan náà.

Ẹni tó ń bá àwọn dókítà ní Èkó tàbí Ìbàdàn ṣiṣẹ́, tó fẹ́ kí àmì rẹ̀ wúlò fún ẹ̀jẹ̀ tiwa: CBE tàbí D409V, pẹ̀lú PFF bí agbára bá ká a, GCase ni kó sì kọ́kọ́ wọ̀n.

6-OHDA wà fún ẹni tó ń dán oògùn wò. Rotenone wà fún ẹni tó ń béèrè ohun tí oògùn kòkòrò oko ń ṣe sí àgbẹ̀, ìbéèrè tó dára púpọ̀ sì ni.

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá pé òun ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jà lójú oorun, tí wọ́n ti tọ́jú láti ọdún 5, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ẹni tí Parkinson ti wá bá nínú wọn, òun sì fẹ́ ra èlírí 60. Mo ní kó fi owó èlírí náà san owó mass spectrometer.